Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ nígbà tí a bá ń ra kẹ̀kẹ́ ìbejì

Ẹ̀yìn kan ṣoṣo ni ìyá ìbejì ní. Bó bá pọn Kẹ́hìndé, ta ni yóò gbé Táíwò dé ibi abẹ́rẹ́ àjẹsára? Ìdí nìyí tí àwọn òbí ní Ìjẹ̀bú-Òde, Ṣágámù àti Ìkẹ́nnẹ́ fi ń ra kẹ̀kẹ́ ọmọ oníjòkòó méjì, yálà fún ìbejì tàbí fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n tẹ̀ léra pẹ́kípẹ́kí. Owó gidi ni wọ́n ń ná lé e. Síbẹ̀, kì í pẹ́ tí kẹ̀kẹ́ mìíràn á fi di ohun tí wọ́n ń sá aṣọ lé nínú páséèjì, torí pé orí ilẹ̀ tí wọ́n ti dán an wò yàtọ̀ sí orí ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ lò ó.

Ẹ má ṣe dán an wò lófìfo lórí táìlì

Àṣìṣe yìí ló ń bí púpọ̀ nínú àwọn yòókù. Nínú ṣọ́ọ̀bù, kò sí ọmọ nínú kẹ̀kẹ́, ilẹ̀ ń dán, ìka kan péré lẹ lè fi tì í. Ẹ gbé e dé àdúgbò tí yanrìn wà létí títì, tàbí ibi tí àgbàrá ti wọ́ ilẹ̀ pupa lọ, àwọn táyà kéékèèké oníke yẹn á rì, iwájú á há, ẹ̀yìn á sì fẹ́ gbé sókè.

Ẹ ra báàgì piọ́ wọ́tà méjì lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á nítòsí. Ọ̀rá 20 ló máa ń wà nínú báàgì kan, ìdajì lítà sì ni ọ̀rá kọ̀ọ̀kan, nítorí náà báàgì kan jẹ́ nǹkan bíi kílò 10, ìwọ̀n ọmọ tó ti ń sún mọ́ ọdún kan tàbí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé e. Ẹ gbé báàgì kọ̀ọ̀kan sí ìjókòó kọ̀ọ̀kan, ẹ de bẹ́líìtì mọ́ ọn, kí ẹ sì ti kẹ̀kẹ́ náà jáde sórí ilẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kan yí i, torí ọwọ́ kejì ni ẹ ó fi di báàgì tàbí agboòrùn mú. Ẹ tẹ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ náà sílẹ̀ kí iwájú rẹ̀ gòkè bí ẹni fẹ́ gun etí gọ́tà; bí irin bá ń ké, tàbí tí ara kẹ̀kẹ́ ń lọ́, kò lè pẹ́. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí ibi tó dà gẹ̀rẹ́, ẹ tẹ bíréèkì, kí ẹ wò ó bóyá yóò yọ́ lọ. Ọlọ́jà tó bá kọ̀ kí ẹ dán an wò báyìí, ẹ fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ fún un.

Ní ti táyà, táyà ẹ̀yìn tí ó tó ínṣì 8 sókè láti etí kan dé èkejì ló ń gba ilẹ̀ wa. Táyà tó ń gba atẹ́gùn a máa rọ ọmọ lọ́rùn, àmọ́ ìṣó kan ti tó láti dá a dúró. Èyí tó ní fóòmù líle nínú la fara mọ́ jù.

Ilẹ̀kùn yín ńkọ́?

Kẹ̀kẹ́ tí àwọn ọmọ ti ń jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn sábà máa ń fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 75 sí 80, ìyẹn nǹkan bí ínṣì 30. Ilẹ̀kùn yàrá nílé àtijọ́ lè má ju ínṣì 30 lọ, bí ilẹ̀kùn fúnra rẹ̀ kò bá sì ṣí tán, àyè náà tún dín. Géètì onírin tí a fi ń dènà olè a máa gbà díẹ̀ sí i. Ẹ yá téèpù lọ́wọ́ télọ̀, kí ẹ wọn ibi tó há jù lọ ní ẹnu ọ̀nà ìta, ti pálọ̀ àti ti yàrá, kí ẹ tó ná ọjà rárá. Kẹ̀kẹ́ gbọ́dọ̀ fi ínṣì 2 dín sí i, ó kéré tán.

Bí ẹ bá ní ọkọ̀, ẹ ká a kí ẹ sì gbé e sí búùtù níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ẹni tó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní láti rántí pé púpọ̀ nínú wọn wúwo ju kílò 11 lọ láìsí ọmọ nínú rẹ̀.

Ìjókòó tí kò lè tẹ́ fún ọmọ tuntun

Níbí ni ẹ̀mí ti wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ọrùn ọmọ tuntun kò tíì le. Bí ẹ bá gbé e jókòó ṣánṣán, àgbọ̀n rẹ̀ á ṣubú lé àyà, ọ̀nà èémí á sì há. Títí di nǹkan bí oṣù 6, nígbà tó bá ti lè dá jókòó, ìjókòó tó tẹ́ bí ibùsùn ló yẹ ẹ́. Ìbejì sì sábà máa ń dé kí ọjọ́ wọn tó pé, nítorí náà wọ́n lè kéré ju bí ẹ ṣe rò lọ.

Àwọn ọlọ́jà a máa fi ìjókòó kan hàn, á tẹ́, inú oníbàárà á dùn. Ẹ tẹ́ èkejì náà. Nínú kẹ̀kẹ́ tí ọmọ kan ń jókòó sẹ́yìn ìkejì, ọ̀kan nìkan ló máa ń tẹ́ tán nígbà mìíràn. Ìyẹn dára fún ọmọ ọdún 2 àti àbúrò rẹ̀ jòjòló, ṣùgbọ́n ìbejì nílò méjèèjì. Bákan náà, ẹ ka ìwọ̀n tí ìjókòó kọ̀ọ̀kan lè gbé, torí ti ẹ̀yìn lè kéré sí ti iwájú, ìbejì sì ń dàgbà pa pọ̀. Fún ẹ̀gbọ́n tó wúwo àti àbúrò tó fúyẹ́, ẹni tó bá gbé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn á rí i pé kẹ̀kẹ́ ń fà sápá kan.

Tòkunbọ̀

A ò ní kẹ́ ẹ má ra tòkunbọ̀. Òun lápò ọ̀pọ̀ wa ká. Àwọ̀ àti dídán aṣọ rẹ̀ kọ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ẹ fa bẹ́líìtì kọ̀ọ̀kan: ó yẹ kó ní ojú márùn-ún, èjìká méjì, ìbàdí méjì, àti èyí tó gba àárín itan. Bí ọ̀kan bá já, tí wọ́n sì fi okùn aṣọ dì í, ẹ kúrò níbẹ̀. Ẹ gbóòórùn tìmùtìmù rẹ̀ bóyá ó ti bu. Ẹ wá ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin ẹsẹ̀ rẹ̀, ibẹ̀ ni orúkọ àti ọjọ́ tí wọ́n ṣe é máa ń wà.

Oríkèé tí a fi ń ká a tún ṣe pàtàkì. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2009, Maclaren, ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ ọmọ, kéde ní Amẹ́ríkà pé kí àwọn tó ní kẹ̀kẹ́ rẹ̀, tó tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 1, gba ìbòrí fún oríkèé, nítorí ó ti gé orí ìka àwọn ọmọdé. Kẹ̀kẹ́ ìbejì wà lára wọn. Ibi tí ìka ọmọ bá lè wọ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣí i tàbí ń ká a, ewu wà níbẹ̀. Kí àwọn ọmọ jìnnà síbẹ̀.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rà á

Ẹ má fi báàgì ọjà kọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́. Bí ẹ bá gbé ọmọ iwájú kúrò, báàgì á fa kẹ̀kẹ́ sẹ́yìn, ọmọ tó kù á sì dà sílẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀ ni ẹrù wà.

Lọ́jọ́ Ojúde Ọba tàbí ọjọ́ ọjà tí oòrùn bá mú, ẹ má fi ìborùn bo iwájú kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀, bó ti wù kó fúyẹ́ tó. Ooru á há sínú rẹ̀, ẹ ò sì ní rí ojú ọmọ. Ẹ wá ibòòji, kí ẹ sì máa fọwọ́ kan ẹ̀yìn ọrùn àwọn méjèèjì. Bó bá ti gbóná tàbí ó ti ń làágùn, ẹ gbé wọn jáde.