Bí Ẹ Ṣe Lè Ka Afárá Irin: Ẹ Kọ́kọ́ Wá Hángà Méjì

Jórinjórin ni mí. Múṣin ni mo ti kọ́ṣẹ́. Géètì àti irin ojú fèrèsé ni mo fi jẹun fún ọdún mọ́kànlá kí n tó wá máa gbé ní Gateshead, ní àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí àlejò tó dé sọ́dọ̀ mi tí n kì í mú lọ síbi afárá Gateshead Millennium lórí odò Tyne. Wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní ó mà rẹwà o, ó parí. Ó máa ń dùn mí, torí iṣẹ́ ńlá ni afárá yẹn ń ṣe níṣojú wọn, wọn ò rí i. Bí mo ṣe ń kọ́ wọn báyìí nìyí.

Ilé la ti ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ wá páálí bàtà kan, kí ẹ yọ ọmọrí rẹ̀ sọnù. Ẹ wá hángà oníwáyà méjì, òwú ìránṣọ àti téèpù. Ẹ gé hángà kọ̀ọ̀kan, ẹ nà án, kí ẹ wá tẹ̀ ẹ́ bí ọrun tí ọdẹ fi ń ta ọfà. Ẹ lu ihò kan sí ẹ̀gbẹ́ páálí lọ́tùn-ún, ẹ lu òmíràn lósì, kí ẹ ki ìdí ọrun méjèèjì bọ̀ ọ́, bí ọwọ́ bọ́kẹ́ẹ̀tì ṣe ń wọ etí bọ́kẹ́ẹ̀tì. Ihò kan náà ni àwọn méjèèjì máa jọ lò. Ọ̀kan á sùn gbalaja sí apá kan, èkejì á nàró, ṣùgbọ́n kó fì sí apá kejì díẹ̀. Ẹ fi téèpù so ìdí wọn pọ̀ kí wọ́n lè jọ máa yí. Ẹ wá ta òwú bíi mẹ́fà láti ara ọrun tó dúró sí ara èyí tó sùn. Okùn irin 18 ló wà lára afárá gidi, ṣùgbọ́n mẹ́fà tó wa.

Ẹ di ọrun òkè mú, kí ẹ fi ìka tẹ èyí tó sùn. Òwú á le tantan. Ẹ tún mú ẹyọ ìgbálẹ̀ kan: ẹ fà á, kò ní já, ẹ tì í láti orí àti láti ìdí, á tẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ohun tó tín-ín-rín lè fara da fífà, kò lè fara da títì. Ìdí nìyẹn tí okùn irin fi lè tẹ́ẹ́rẹ́, tí ọrun òkè sì gbọ́dọ̀ ki, torí gbogbo ẹrù tí okùn bá fà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ń tì í lọ sísàlẹ̀ sí ìdí rẹ̀ méjèèjì ni. Tí ẹ bá gé gbogbo òwú yẹn, ọ̀rọ̀ àgbà á ṣẹ: ọsán já, ọrun dọ̀pá.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ sí etí odò. Ẹ má tíì gun afárá o. Ẹ dúró sí etí omi ní ìhà Newcastle, ìlú tó kọjú sí Gateshead ní òdìkejì odò, níbi tí ẹ ti lè rí i láti ìdí dé ìdí. Orí ọrun òkè ga tó mítà 50 sí omi. Èyí tó sùn ni àwọn èèyàn ń rìn lórí rẹ̀. Gígùn afárá náà jẹ́ mítà 126, kò sì sí òpó kankan láàárín odò. Ẹ yan ẹnì kan tó ń rìn lórí rẹ̀, kí ẹ fi ojú tẹ̀ lé ìwúwo rẹ̀: láti ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ọ̀nà, láti ọ̀nà sí okùn, láti okùn sí ọrun òkè, láti ibẹ̀ wá sí ìdí, kó tó wọ kọnkéré tó wà nísàlẹ̀. Tí ẹ bá ti lè ṣe èyí láì ṣìnà, ẹ ti ń ka afárá nìyẹn.

Ọkọ̀ ojú omi ńkọ́? Ẹ padà sí páálí yín, kí ẹ ti ọrun òkè sẹ́yìn. Èyí tó sùn á dìde. Bí afárá gidi ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn. Jáàkì ńlá mẹ́fà, irú èyí tí epo ń tì, mẹ́ta lápá ọ̀hún, mẹ́ta lápá ìhín, ló ń yí i ní ìwọ̀n dígíríì 40. Ó lè má gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́rin àbọ̀ lọ. Irin tó lé ní tọ́ọ̀nù 850 ni o! Bí ọrun kan ṣe ń lọ sílẹ̀ ni èkejì ń gòkè, wọ́n ń dọ́gba ẹrù fún ara wọn, ìyẹn ni jáàkì ò fi sunkún. Ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín jù ni pé bó ṣe ń dìde, agolo àti ike táwọn èèyàn jù sílẹ̀ á yí gbirigbiri lọ sínú ibi tí wọ́n ṣe fún ìdọ̀tí.

Nísinsìnyí ẹ lè gùn ún. Ẹ wá ibi tí irin ti pàdé irin. Ẹ ò ní rí rívẹ́ẹ̀tì, ìṣó olórí róbótó tí wọ́n fi ń kan irin mọ́ irin, tó tò lọ rẹrẹ. Jíjó ni wọ́n jó o pọ̀. Èmi mọ ohun tí jíjó irin gbà, torí géètì àkọ́kọ́ tí mo dá jó, ẹ̀gbẹ́ kan ni mo jó tán kí n tó bọ́ sí èkejì. Iná fà á, géètì lọ́ bí ewé tó gbẹ, ọ̀gá mi sì ní kí n rù ú yí àdúgbò ká. Ẹ wá rò ó wò: Wallsend, ìlú kan létí odò Tyne kan náà, ni wọ́n ti to afárá yìí pọ̀ tán, tí Asian Hercules II, ọkọ̀ ojú omi tó ní kéréènì ńlá, gbé e lódindi wá sórí odò ní oṣù kọkànlá ọdún 2000. Ó bọ́ sí ojúlé rẹ̀ bí ọmọrí ìkòkò.

Tí ẹ bá fẹ́ dán ara yín wò, ẹ rìn lọ síbi Tyne Bridge, tí wọ́n ṣí ní 1928. Rívẹ́ẹ̀tì kún ara ìyẹn bí èèsú. Ọrun rẹ̀ gba òkè ọ̀nà kọjá, irin tẹ́ẹ́rẹ́ ló fi gbé ọ̀nà kọ́. Ẹ sọ èyí tó ń fà, ẹ sọ èyí tó ń tì. Ilé òkúta gíga tó wà ní ìdí rẹ̀ máa ń tan èèyàn jẹ. Òun kọ́ ló gbé ọrun ró.

Tó bá jẹ́ ìgbà ooru ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lẹ lọ, ẹ dé fìlà. Àwọn ẹyẹ òkun tí wọ́n ń pè ní kittiwake ń kọ́ ìtẹ́ sára afárá yẹn, wọn kì í sì í bojú wo ẹni tó wà nísàlẹ̀.