Àjàrà Ló Dàgbà, Kì í Ṣe Ọtí: Ìtọ́sọ́nà Lórí Wáìnì Pupa fún Ilé àti Oko ní Òṣogbo

Ọmọ kan fi ìgò wáìnì kan ránṣẹ́ láti òkè òkun sí bàbá rẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì. Gbogbo ilé yẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n gbé e lé orí kọ́bọ́ọ̀dù pálọ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́tò ìgbéyàwó, níbi tí oòrùn ìrọ̀lẹ́ ti ń gba ojú fèrèsé wọlé bá a. Ọdún méjì kọjá kí wọ́n tó ṣí i. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọrùn ìgò ń lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́, kọ́ọ̀kì ti yọrí sókè díẹ̀, ipa ọtí tó jò sì ti gbẹ mọ́ ara ìwé rẹ̀. Ó yẹ kó pọ́n bí omi ìṣápá. Ó ti dà bí tíì tí wọn ò fi mílíìkì sí, ó ń rùn bí ṣúgà tó jóná. Bàbá mu ún, wọ́n ní ó dáa. Nítorí ọmọ ni.

Irú ìgò bẹ́ẹ̀ ti wá pọ̀ nílùú báyìí, a sì ń pàdé rẹ̀ níbi ìsọmọlórúkọ àti ìṣílé. Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ sára ìgò

Ẹ ó rí Old Vines, tàbí Vieilles Vignes tó bá jẹ́ ti Faransé, tàbí Alte Reben tó bá jẹ́ ti Jámánì. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ọtí àtijọ́ ni wọ́n ń sọ. Rárá o. Igi àjàrà ló dàgbà. Ọtí inú ìgò lè má ju ọmọ ọdún mẹ́ta lọ. Ọdún tí wọ́n tẹ̀ sára ìgò, ọdún tí wọ́n ká èso ni, kì í ṣe ọdún tí wọ́n gbin igi.

Ọdún mélòó ni igi ń lò kó tó di àgbà? Ní Barossa, Ọsirélíà, wọ́n fi ìlànà lélẹ̀ ní 2009 pé àgbà bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 35, oyè mìíràn sì wà fún igi ọdún 70, 100 àti 125. Ní Gúúsù Áfíríkà náà, ọdún 35 ni, èdìdì tí wọ́n sì ń lẹ̀ mọ́ ìgò máa ń sọ ọdún tí wọ́n gbin oko náà. Ibi púpọ̀ ni kò sí òfin kankan tó de ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó bá wù ú ló ń kọ ọ́. Nítorí náà, kí ẹ tó kówó ńlá sílẹ̀, ẹ wá ọdún ìgbìn lára ìgò. Bí ẹ ò bá rí i, ẹ má san owó àgbà.

Àwọn tó dàgbà lóòótọ́ wà. Ní Great Western, ìpínlẹ̀ Victoria ní Ọsirélíà, níbi tí òru ti ń tutù, àjàrà tí wọ́n gbìn ní 1868 ṣì ń so ní oko Best's. Ní Maribor, orílẹ̀-èdè Slovenia, igi kan tó ti lé ní 400 ọdún na ara rẹ̀ mọ́ ògiri ilé kan títí dòní. Wáìnì rẹ̀ kò pọ̀. Ìgò kéékèèké ni wọ́n ń rọ ọ́ sí, àlejò pàtàkì ni wọ́n sì ń fi ta lọ́rẹ.

Ẹni tó bá ní kòkó àtijọ́ mọ̀ pé igi àgbà kì í so púpọ̀ mọ́. Ti kòkó, àdánù ni, torí kìlò ni wọ́n ń wọ̀n. Ti àjàrà yàtọ̀: ìwọ̀nba ìdì tó kù ló ń pín oúnjẹ igi jẹ, gbòǹgbò ti lọ jìn débi pé ọ̀dá kì í tètè mú un, adùn sì máa ń ki. Ṣùgbọ́n igi àgbà tí olóko kò tọ́jú, igi lásán ni.

Òtútù ni ìdajì iṣẹ́ yòókù. Ẹ wo ọsàn wa: ó ń dùn tán nígbà tí èèpo rẹ̀ ṣì ní àwọ̀ ewé. Ní Spéènì, òru tútù ló ń sọ èèpo ọsàn kan náà di pípọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni òtútù ṣe ń ṣiṣẹ́ lára àjàrà. Níbi tí ooru bá mọ níwọ̀n, èso máa ń pẹ́ lórí igi, ṣúgà rẹ̀ ń gorí díẹ̀díẹ̀, kíkan rẹ̀ kì í sì tán. Kíkan yẹn ló ń jẹ́ kí wáìnì ta lẹ́nu, kí ó má rí bí omi ṣúgà.

Ní ti àwọ̀, ọmọ ìlú aró kò nílò àlàyé púpọ̀. Omi inú ọ̀pọ̀ àjàrà dúdú kì í pọ́n rárá. Èèpo ni wọ́n ń rẹ mọ́ ọn tó fi ń mu àwọ̀, bí aṣọ inú ìkòkò aró.

Bí ẹ ó ṣe tọ́jú rẹ̀

Digiri 12 sí 15 ni wáìnì yìí fẹ́. Pálọ̀ wa lóṣù kejì àti ìkẹta máa ń ju 30 lọ. Ọ̀tá mẹ́ta ló ní: ooru, ìmọ́lẹ̀, àti kí ó máa gbóná kí ó tún máa tutù.

Bí iná bá ń dúró níbi tí ẹ wà, ẹ gbé e sí ìsàlẹ̀ fíríìjì, níbi tí ẹ ń kó ẹ̀fọ́ sí. Ẹ dà á dùbúlẹ̀ kí ọtí máa kan kọ́ọ̀kì, torí kọ́ọ̀kì tó bá gbẹ a máa súnkì, afẹ́fẹ́ á sì ráyè wọlé. Èyí tó ní ìdérí tí à ń yí lè dúró. Ẹ má gbé e sí fírísà láéláé. Bó bá di yìnyín, á ti kọ́ọ̀kì jáde tàbí kó la ìgò.

Bí iná bá ń lọ tó ń bọ̀, mo fara mọ́ ọgbọ́n àmù. Ẹ wá ìkòkò amọ̀ méjì tí ọ̀kan lè wọnú èkejì, ẹ da yanrìn sáàárín wọn, ẹ máa bomi rin yanrìn náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Ẹ fi ọ̀rá wé ìgò kí ìwé rẹ̀ má baà rà, ẹ gbé e sínú ìkòkò inú, ẹ fi àpò tútù bo ẹnu rẹ̀, kí ó wà lábẹ́ òjìji níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Omi tó ń gba ara amọ̀ yọ ló ń gbé ooru lọ. Nígbà ọyẹ́, ẹ ó gbádùn rẹ̀. Ní oṣù keje tí ojú ọjọ́ bá rin gbindin, kò ní tutù tó bẹ́ẹ̀.

Bí kò bá sí èyí tó ṣeé ṣe nínú méjèèjì, ẹ tètè mu ún. Ìgò tí ẹ mu lóṣù tó dé sàn ju èyí tí ẹ fi pálọ̀ sè lọ.

Ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i

Ẹ jẹ́ kí ó dúró lóòró láti àná kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ pé níta ló wà, ẹ fi í sí fíríìjì fún bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ẹ má fi yìnyín sí i. Ẹ má bu ife kún. Ìdá mẹ́ta rẹ̀ tó, kí òórùn rẹ̀ ríbi dúró sí. Ata púpọ̀ kì í jẹ́ kéèyàn mọ adùn rẹ̀, nítorí náà ẹran ewúrẹ́ yíyan tí ata rẹ̀ mọ níwọ̀n ni mo máa ń bá wọn yàn, kì í ṣe ọbẹ̀ ata.

Ọtí líle rẹ̀ máa ń tó ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti bíà jẹ́ bíi 5. Aláboyún, ọmọdé, ẹni tó fẹ́ wakọ̀ tàbí gun ọ̀kadà, àti ẹni tó ń lo Flagyl kò gbọdọ̀ mu ún. Ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò gbà á, ẹ má fi lọ̀ ọ́.

Èyí tó bá ṣẹ́ kù, ẹ dé e padà sí fíríìjì, ẹ mu ún tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Ohun tó ń mú ẹmu kan ló ń mú òun náà kan, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun kì í yára tó ẹmu.

Ṣé kí àgbẹ̀ gbin àjàrà?

Àgbẹ̀ kan bá mi lọ́nà Ìdó-Ọ̀ṣun. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ní kí n mówó wá kí wọ́n kó irúgbìn àjàrà fún mi. Wọ́n ní lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, màá máa pọn wáìnì."

Mo bi í pé, "Àbúrò, ẹni tó fẹ́ gba owó lọ́wọ́ rẹ, ṣé ó ti fi ọtí oko rẹ̀ tọ́ ọ lẹ́nu wò?"

Ó rẹ́rìn-ín.

Àjàrà wáìnì fẹ́ ìgbà òtútù tí yóò wọ́wé, tí yóò sùn. Ní Òṣogbo, kì í rí oorun sùn. Kì í ṣe ooru nìkan ló ń dènà rẹ̀, torí wọ́n ń gbìn ín fún wáìnì ní àfonífojì São Francisco ní Bràsíìlì, tí kò jìnnà sí ìlà agbedeméjì ayé jù wá lọ púpọ̀, wọ́n sì ń kórè ju ẹ̀ẹ̀kan lọ lọ́dún. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ gbígbẹ ni ibẹ̀, omi ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń bomi rin ín. Tiwa, òjò ń rọ̀ láti oṣù kẹrin dé ìkẹwàá, ibẹ̀ sì ni olú ara ewé, àrùn tó ń ba ewé jẹ́, ti ń jẹun.

Ẹ má yáwó nítorí rẹ̀. Bó bá wù yín, ẹ gbin ẹyọ kan sẹ́yìn ilé ìdáná, kí ó gun àtíbàbà, kí ẹ máa jókòó sí òjìji rẹ̀, kí àwọn ọmọ sì máa já èso rẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn òjò, ẹ máa yí ewé rẹ̀ wò: bí òkè bá ní àmì rẹ́súrẹ́sú bí ẹni pé epo kán sí i, tí ìdí rẹ̀ sì hu irun funfun bí òwú, ẹ já gbogbo ewé bẹ́ẹ̀, ẹ jó o níná kí ilẹ̀ tó ṣú.