Mo lọ sinmi ní abúlé lásìkò kaṣú

Ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta ni. Mo ń ti Àbújá bọ̀, Adó-Èkìtì ni mo ń lọ. Mo wá ní kí n yà sọ́dọ̀ ìyá ọ̀rẹ́ mi ní abúlé wọn, ní ilẹ̀ Ìjùmú ní ìpínlẹ̀ Kogi, kí n lo odindi ọjọ́ kan níbẹ̀ kí n tó máa bá tèmi lọ. Ariwo ìlú ti sú mi. Nígbà tí mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi lórí fóònù, ẹ̀rín ló bú sí. Ó ní, "Àsìkò kaṣú lo fẹ́ lọ sinmi?" N kò ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí.

Ẹni tó bá fẹ́ rin ọ̀nà yẹn, kó kọ́kọ́ béèrè bí ó ṣe rí. Ọ̀rọ̀ ajínigbé ti dá jìnnìjìnnì sílẹ̀ ní agbègbè náà lẹ́nu ọdún díẹ̀ yìí. Màmá kìlọ̀ fún mi pé oòrùn ò gbọdọ̀ wọ̀ bá mi lójú ọ̀nà, kí n má sì gun ọ̀kadà ẹni tí n kò mọ̀ rí. Àwọn á rán ọmọ wá gbé mi. Mo tètè gbéra. Láti Lọ́kọ́jà, ọkọ̀ sìmẹ́ǹtì ló kún iwájú wa títí a fi kọjá Ọbàjànà, níbi tí ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì wà. Ní Kabba mo ra búrẹ́dì, obì àti ọṣẹ ìfọṣọ, nítorí a kì í fọwọ́ lásán wọlé àgbà. Ọmọ náà dé, mo gun ọ̀kadà, eruku gbà mí.

Mo ń kí gbogbo èèyàn ní "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o". Wọ́n ń dá mi lóhùn dáadáa, ṣùgbọ́n "Okun" ni wọ́n fi ń kí ara wọn: ẹni tó ń ti oko bọ̀, Okun, ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́, Okun. Ìkíni yìí náà ni wọ́n fi ń pe gbogbo wọn pọ̀ lónìí, Ówé tó ni Kabba, Ìjùmú, Yàgbà, Bùnú àti Ọ̀wọ́rọ̀. Láti ilé Màmá dé ilé olórí abúlé, tí mo gbé obì lọ fún, kò ju ìrìn ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó gbà wá tó ogójì. Ilé kan ò ṣeé kọjá láìdúró. Nígbà tí a fi máa padà, èmi náà ti ń sọ "Okun" láìronú.

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán lọ́jọ́ kejì tí Màmá fi kan ilẹ̀kùn. Wọ́n wo ṣẹ́ẹ̀tì funfun tí mo wọ̀, wọ́n ní kí n bọ́ ọ. Mo ní kò séwu. Ewu wà o. Omi kaṣú tó bá ta sí aṣọ, ọṣẹ kan ò lè mú un kúrò.

A kì í gun igi lọ ká kaṣú. Èyí tó bá gbó ló ń já bọ́ fúnra rẹ̀, ìdí igi lẹ ó ti ṣà á, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń ro abẹ́ igi mọ́ kí àsìkò tó dé. Ẹ ó fi ọwọ́ kan di èso mú, ẹ ó fi ìkejì lọ́ kóró rẹ̀ yọ. Ó dùn ún sọ. Tí ẹ bá fi ẹran èso díẹ̀ sílẹ̀ lára kóró, ó máa bu, ẹni tó ń rà á á sì yọ owó yín. Gbogbo tèmi ni Màmá tún ń yẹ̀ wò. Àwọn ọmọdé tó bá wa lọ ti kún garawa kejì nígbà tí tèmi ò tíì dé ìdajì.

Ní ìsàlẹ̀ oko, lẹ́bàá odò, igi kọfí tí bàbá ọ̀rẹ́ mi gbìn kí wọ́n tó kú ṣì wà. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, kọfí sì ti tanná, funfun báláú, òórùn rẹ̀ gba gbogbo ibẹ̀ kan. Mo dúró fún ìgbà pípẹ́. Mo bi Màmá bóyá wọ́n ń mu kọfí. Wọ́n ní rárá, ó korò, tíì làwọn ń mu.

Níbẹ̀ ni mo ti hùwà òmùgọ̀. Mo ti jẹ kaṣú yíyan láìmọye ìgbà, mo wá fi eyín pa kóró tútù kan láti tọ́ ọ wò. Àwọn ọmọ pariwo, ó ti pẹ́ jù. Òróró kan wà nínú èèpo yẹn tó ń bó ara bí iná. Ètè mi bẹ̀rẹ̀ sí í ta, Màmá fi epo pupa pa á, wọ́n ní kí n máa lọ ilé, kí n lọ ṣọ́ kóró tí wọ́n sá.

Bí mo ṣe rí ìdákẹ́jẹ́ tí mo wá nìyẹn. Gbogbo abúlé ti lọ oko, ó ku ewúrẹ́, èmi, àti bàbá àgbà kan lábẹ́ igi máńgòrò. Bàbá ní Kabba Province ni wọ́n bí òun sí, òun ṣe géndé ní Kwara, òun wá di arúgbó ní Kogi láti 1991, bẹ́ẹ̀ òun ò kó kúrò ní yàrá kan náà rí. Wọ́n sọ ọ́ bí ẹni ń sọ ti aládùúgbò tó ń pààrọ̀ orúkọ kiri. Oorun gbé mi díẹ̀. Òjò ṣú, mo fò dìde, mo ń kó kóró wọlé, tàpólì ń fẹ́ lọ, bàbá ń fi ọ̀pá júwe èyí tí mo fi sílẹ̀. Ẹ̀kán òjò kan ò bọ́. Mo tún kó gbogbo rẹ̀ síta.

Nírọ̀lẹ́, ẹni tó ń ra kaṣú gbé òṣùwọ̀n rẹ̀ dé lórí ọ̀kadà. Ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó mì í létí, nítorí kóró tó gbẹ máa ń dún nínú èèpo rẹ̀. Ó fi ọ̀bẹ la mélòó kan. Iye tó dá, Màmá ò tilẹ̀ fèsì. Wọ́n kàn ń sú tàpólì wọn. Èmi ì bá ti tà á. Ó gun ọ̀kadà rẹ̀, ó yí i padà lẹ́ẹ̀mejì kó tó lọ pátápátá.

Iyán la jẹ lálẹ́ yẹn, iṣu ọdún tó kọjá tí wọ́n so mọ́ ọgbà, ọbẹ̀ ẹ̀gúsí àti ẹja gbígbẹ. Mo ń fi ẹ̀gbẹ́ ẹnu kan jẹ ẹ́.

Ní kùtùkùtù ọjọ́ kẹta, Màmá kọ owó tí mo nà sí wọn. Iṣu mẹ́ta ni wọ́n dì fún mi, àti ìgò kaṣú tí wọ́n yan lóru. Ìgò náà wà ní itan mi títí a fi kọjá Òmùò. Ètè mi ṣì wú, n kò lè fi ìkankan sẹ́nu.