Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ gbé iṣẹ́ àṣejáde yín sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ yé ṣe báyìí mọ́

Ọdọọdún làwọn ọmọ tó ń parí art and design l'Abẹ́òkúta níbí máa ń fi lìǹkì pọ́tífólíò, ìyẹn àkójọ iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ránṣẹ́ sí mi, "ẹ̀gbọ́n ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi wò ó", mo sì máa ń wò ó lóòótọ́. Ohun tó ń dùn mí ni pé ọwọ́ wọn dáa gan-an, bí wọ́n ṣe gbé e síta ló ń bà á jẹ́.

Fọ́tò ló burú jù. Ọmọ kan á gbé aṣọ lọ s'Ítòkú, ọjà àdìrẹ wa, á fi ìko dì í títí ìka á fi máa ro ó, á rì í sínú aró, á yọ ọ́, á tún rì í, ó di bí ìgbà mẹ́fà, aṣọ wá dú dáadáa. Tó bá dalẹ́ á tẹ́ ẹ sórí bẹ́ẹ̀dì, á yà á lábẹ́ gílóòbù aláwọ̀ ìyeyè, sílípáàsì sì yọjú ní kọ̀rọ̀! Aró tẹ́ ẹ ṣiṣẹ́ fún yẹn á wá dà bí omi ẹ̀fọ́. Ẹ má yà á lálẹ́, ẹ má sì yà á nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Àárọ̀ ni, lábẹ́ òjìji, kẹ́ ẹ gbé e kọ́ sára ògiri funfun, ẹ pa flash, ẹ dúró gbọnrangandan síwájú ẹ̀. Tó bá jẹ́ àdìrẹ ẹlẹ́kọ, èyí tí wọ́n fi láfún ya bátánì sí, ẹ tún sún mọ́ ọn ká rí ibi tí aró ti yọ́ gba abẹ́ láfún wọlé, ibẹ̀ lẹni tó mọ̀ ọ́n ń wò. Ẹ má sì fi WhatsApp gbé e lásán láti fóònù ọ̀rẹ́ sí tiyín o, á fún fọ́tò yẹn pọ̀ kó tó dé, ẹ fi ránṣẹ́ bíi document. Ẹ̀yin oní-graphics, ètò àwọ̀ CMYK wà fún ìtẹ̀wé, ètò RGB ni kẹ́ ẹ fi gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àìṣe bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ́ káwọ̀ yín ṣá.

Ẹ má kó gbogbo ẹ̀ dà síbẹ̀. Èso ọ̀gẹ̀dẹ̀ tẹ́ ẹ yà ní ọdún àkọ́kọ́, ẹ fi sílẹ̀ fún màmá yín. Iṣẹ́ mẹ́jọ, mẹ́wàá, ó tó.

Èyí tó ń bí mi nínú ni "èmi ni mo ṣe é". Ìyá aláró ló rẹ aṣọ, ẹ̀yin kàn ya bátánì, àmọ́ orúkọ yín nìkan ló wà níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ pé bátánì tèmi ni, aláró Ìtòkú ló rẹ ẹ́, kẹ́ ẹ bi ìyá bóyá wọ́n fẹ́ ká dárúkọ wọn. Ẹ má sì gbé bátánì àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn wá bíi pé ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀. Gbọ̀ngàn Mápó n'Ìbàdàn tí wọ́n yà sínú ẹ̀ yẹn, 1929 ni wọ́n ṣí i, àwọn ìyá wa ti ń fi ìyẹ́ adìyẹ ya ẹ̀ sáṣọ tipẹ́ kí wọ́n tó bí yín. Ẹ lè lò ó, ẹ ṣáà dárúkọ ẹ̀.

Ẹ má fi email ilé-ìwé ṣí àkáǹtì, wọ́n lè tì í tẹ́ ẹ bá jáde tán.

Lìǹkì ńkọ́? Èmi fúnra mi ti jìn sí kòtò yìí rí. Mo fi Google Drive ránṣẹ́ s'ẹ́nì kan l'Ékòó, mi ò mọ̀ pé mo tì í, ó béèrè àyè láti wọlé, ọjọ́ kẹsàn-án ni mo tó rí i, wọ́n ti gbé iṣẹ́ f'ẹ́lòmíì. Torí náà kẹ́ ẹ tó fọ́n ọn káàkiri, ẹ fún ọ̀rẹ́ kan ní Pánsẹ́kẹ́ tí ò mọ nǹkan kan nípa art, kó fi dátà tiẹ̀ ṣí i lórí fóònù ẹ̀ tí ojú ẹ̀ ti là yẹn, kẹ́ ẹ dúró tì í láì sọ̀rọ̀, kẹ́ ẹ wo ibi tó ti máa sú u.