Bí mo ṣe fi epoxy kun púùlù ilé ìtura kan ní Adó Èkìtì

Omi tó ń ba ọ̀dà púùlù jẹ́ kì í sábà jẹ́ èyí tí à ń lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Èyí tó fara pamọ́ sínú kọnkéré, tó ń wá ọ̀nà àtijáde láti ẹ̀yìn, òun ló ń ti ọ̀dà bó. Omi yìí ni mo bá fà á nígbà tí màmá kan tó ní ilé ìtura ní Adó Èkìtì ní kí n wá bá àwọn tún púùlù wọn kùn. Ọ̀dà rẹ̀ ti ń ṣí lẹ́ẹ̀wẹ́ẹ̀wẹ́, àwọn ọmọ tó bá wẹ̀ níbẹ̀ á gbé èèpo rẹ̀ jáde nínú irun.

Oṣù Kejìlá ni wọ́n pè mí. Wọ́n fẹ́ kí n parí rẹ̀ kí àwọn ará Èkó tó wálé ọdún. Mo ní, “Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí wọ́n wẹ̀ ẹ́ bó ṣe wà. Tí wọ́n bá ti padà tán la ó fa omi rẹ̀.” Mo fẹ́ kí ilẹ̀ gbẹ dénú kí n tó bẹ̀rẹ̀. Àpáta ò jìn nísàlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò Adó, ẹni tó bá ti gbẹ́ kànga níbẹ̀ á mọ̀. Bí òjò bá rọ̀, omi á wọlẹ̀ dé orí àpáta, kò ní ríbi lọ mọ́, á wá máa ti púùlù láti ẹ̀yìn àti láti abẹ́. Púùlù tó kún lè ti òun náà padà. Èyí tó ṣófo ò ní agbára yẹn: ó lè là, odindi rẹ̀ sì lè ru sókè kúrò ní àyè rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó mọṣẹ́ fi máa ń fi fáàfù kan sí ìsàlẹ̀ ibi tó jìn jù, kí omi abẹ́ ilẹ̀ lè gba ibẹ̀ wọlé. Ti màmá ní ọ̀kan. Ìdọ̀tí ti dí i, mo tú u, mo fọ̀ ọ́.

Mo tún ní láti mọ irú ọ̀dà tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Màmá ò rántí. Mo rẹ àkísà sínú xylene, irú tínà kan tó ń yọ́ ọ̀dà, mo fi lé ògiri fún ìgbà díẹ̀, mo wá fi nù ún. Ọ̀dà náà rọ̀, ó sì bá àkísà wá. Epoxy, ọ̀dà alágolo méjì tí mo fẹ́ lò, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ bó bá ti gbẹ dáadáa; ọ̀dà rọ́bà ló wà lára ògiri yìí, èyí tí wọ́n ń kọ chlorinated rubber sí lára agolo. Epoxy ò ṣeé kùn lé e lórí, torí tínà inú epoxy á jẹ rọ́bà tó wà nísàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ á wú, á hunjọ. Màmá bi mí bóyá a ò lè kàn fi rọ́bà míì lé e. A lè ṣe é, owó rẹ̀ sì kéré. Àmọ́ kò ní pẹ́ tí a ó tún padà síbẹ̀, nígbà tí epoxy tí wọ́n bá kùn bó ṣe yẹ lè lò tó ọdún 7 sí 10. Wọ́n ro ó, wọ́n ní kí n máa bá epoxy lọ.

Gíráǹdà la fi họ ọ̀dà àtijọ́ kúrò, títí kọnkéré fi yọjú níbi gbogbo. Ìbòmú tí a lò nígbà Kòrónà ò lè gba ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ eruku yẹn. Èyí tó ní fílítà ni kí ẹ rà. A fi epoxy kíki dí gbogbo ojú tó là. Ọṣẹ ló tẹ̀ lé e, nítorí ìpara ara àwọn tó ń wẹ̀ máa ń lẹ̀ mọ́ ìlà etí omi, ásíìdì ò sì lè gba inú òróró kọjá.

Ásíìdì tí àwọn onítáìsì fi ń fọ ilẹ̀ la lò. Omi ni a kọ́kọ́ ń bù sínú korobá oníke, kí á tó rọra da ásíìdì sí i. Mo wí fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé ẹni tó bá da omi sínú ásíìdì, ojú ara rẹ̀ ló ń wá. Ó hó yaa lára kọnkéré. Nígbà tó rọlẹ̀, a fi omi ṣàn án, a fi soda ash pa oró rẹ̀, a tún ṣàn án. Ojú kọnkéré ò jọ̀lọ̀ mọ́, ó rí bíi sáńpépà wẹ́wẹ́ lábẹ́ ìka. Mo ta omi sí i, ó fà á mu lójú ẹsẹ̀.

Ibi tí màmá àti èmi ti fẹ́ jà rèé. Lójú wọn, púùlù ti gbẹ. Ó ti funfun báláú, ọyẹ́ ń fẹ́, kí la tún ń dúró dè? Mo gé náílọ̀n tó nípọn sí igun mẹ́rin, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 45 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Mo lẹ̀ wọ́n mọ́ ilẹ̀ àti ògiri, mo fi téépù dí etí wọn yíká kí afẹ́fẹ́ má wọlé, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Ó kéré tán, wákàtí 16. Nígbà tí mo ṣí wọn, abẹ́ tòkè gbẹ táútáú. Ti ibi tó jìn ti làágùn, kọnkéré abẹ́ rẹ̀ sì ṣú.

Màmá ní, “Ṣé ìwọ̀nba omi yìí náà lẹ ń torí ẹ̀ dá iṣẹ́ dúró?”

Mo ní, “Òun náà ni, mà. Bí mo bá kùn ún báyìí, òun ni yóò bó o.”

A dúró. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màmá á rọra wá wo náílọ̀n kí n tó dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ti ní ọ̀rọ̀ náà sú àwọn. Àwọn gan-an ló pè mí lọ́jọ́ tó gbẹ.

Ní ti ìwọ̀n ọ̀dà, mi ò gbà pé kéèyàn kàn ra agolo kó sì gbàdúrà. Púùlù náà gùn ní mítà 10, ó fẹ̀ ní 5, jíjìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1.2 dé 2. Ilẹ̀ àti ògiri fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 100 onígun mẹ́rin (square metre). Epoxy tí ìdajì rẹ̀ jẹ́ ọ̀dà gidi, tí ìdajì tó kù á fẹ́ lọ, lítà kan rẹ̀ á bo mítà 5 onígun mẹ́rin bí èèyàn bá fẹ́ kó nípọn tó ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà lẹ́yìn tó bá gbẹ. Lítà 20 nìyẹn fún ìkùn kan, láìka èyí tí rólà àti kọnkéré á mu.

Agolo méjì ni epoxy, ọ̀dà àti hádínà tó ń mú un le. Bí wọ́n ṣe kọ ìwọ̀n wọn sí ara agolo la ṣe pò ó. Kì í ṣe ọ̀dà tí èèyàn ń fojú díwọ̀n. Hádínà tó bá pọ̀ jù ò mú un yára gbẹ, ṣe ló ń bà á jẹ́. Lẹ́yìn pípò, a fi í sílẹ̀ fún ìgbà tí agolo sọ kí á tó bù ú, a sì tètè da á sínú tíréè fífẹ̀. Bó bá dúró pọ̀ lójú kan nínú korobá, ooru tirẹ̀ á mú un le kí ẹ tó lò ó tán.

Práímà epoxy tó ṣàn ló kọ́kọ́ wọ inú ihò kọnkéré. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀. Láàárọ̀, bí oòrùn bá ń mú kọnkéré gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á máa sá jáde, á máa ta ròrò sí ojú ọ̀dà. Nírọ̀lẹ́ tó bá ń tutù, ó ń fa afẹ́fẹ́ sínú, ó sì ń fa ọ̀dà mọ́ra. Ọyẹ́ ràn wá lọ́wọ́ torí pé ìrì ò sẹ̀, àmọ́ ó ń gbé eruku wá, a sì ní láti nu ojú práímà kí á tó kùn lé e. Ìkùn méjì la fi aláwọ̀ búlúù ṣe, èkejì dábùú àkọ́kọ́, láàárín àkókò tí agolo fún wa. Ẹni tó bá jẹ́ kó kọjá àkókò yẹn gbọ́dọ̀ fi sáńpépà ha á kó tó lè mú. Lórí àtẹ̀gùn, mo wọ́n iyanrìn wẹ́wẹ́ sí i nígbà tó tutù, kí ẹsẹ̀ má baà yọ̀.

Oró tínà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, ìsàlẹ̀ púùlù ló ń rọ́gún sí. Fáànù ò kúrò níbẹ̀, ẹnì kan sì máa ń wà lókè tó ń pè wá lórúkọ. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ iṣẹ́ yọ sìgá, mo lé e jáde kúrò nínú ọgbà.

Ọjọ́ 7 la fi sílẹ̀ kí omi tó wọ̀ ọ́. Táńkà ló gbé omi wá, mo sì ní kí wọ́n má dá a dúró lágbedeméjì, kí ó má baà fi ìlà sí ara ògiri. Mo kọ́ ọmọkùnrin tó ń tọ́jú púùlù pé kó máa yọ́ klórínì nínú korobá kó tó dà á sí i, torí hóró tó bá balẹ̀ lórí ọ̀dà á fi àpá funfun síbẹ̀. pH, ìyẹn òṣùwọ̀n bí omi ṣe kan tó, ò gbọ́dọ̀ kúrò láàárín 7.2 sí 7.6. Mo sì ti sọ fún màmá kí wọ́n tó san owó tó kù pé oòrùn máa ń sọ ojú epoxy di ẹfun, pé lọ́jọ́ kan wọ́n á fọwọ́ ra ògiri, búlúù á sì mọ́ wọn lọ́wọ́. Búrọ́ṣì rírọ̀ ni kí wọ́n fi fọ̀ ọ́. Kò tíì di ohun tí wọ́n á torí ẹ̀ pè mí.