Ìrírí mi: báńkì fẹ́rẹ̀ẹ́ ba físà ọdún foundation jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́

Ọjọ́ kan péré ni owó inú àkáǹtì bàbá wa lọ sílẹ̀, báńkì ló sì fà á, síbẹ̀ gbogbo ọjọ́ tí a ti kà pé owó físà fi dúró níbẹ̀ dòfo. Inú ṣì ń bí mi. Èmi ni mo ṣètò bí àbúrò mi ṣe lọ kọ́ Business and Management pẹ̀lú ọdún foundation, ìyẹn ọdún ìmúrasílẹ̀ tó ṣáájú ọdún kìíní ní yunifásítì, nílùú ọba. Ìbàdàn níbí ni mo jókòó sí tí mo fi ṣe é tán, n ò sì san kọ́bọ̀ fún éjẹ́ǹtì kankan.

Fọ́ọ̀mù UCAS tí wọ́n fi ń wá àyè sí yunifásítì lọ́hùn-ún, èsì WAEC, àyẹ̀wò ikọ́ ife l'Ékòó: ìyẹn ò le. Ẹni tó bá mọ̀wé kà á ṣe é. Owó ni wàhálà.

Òfin físà akẹ́kọ̀ọ́ ní kí owó oúnjẹ àti ilé oṣù mẹ́sàn-án wà nílẹ̀. Láti November 2025, £1,171 lóṣù ni fún iléèwé tí kò sí ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyẹn £10,539 lápapọ̀. Ti Lọ́ńdọ̀nù jẹ́ £1,529 lóṣù, àpapọ̀ rẹ̀ £13,761. Èyí tí ẹ ò bá tíì san nínú owó iléèwé ọdún àkọ́kọ́, ẹ rò ó mọ́ ọn. Owó náà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ fún ọjọ́ 28 gbáko láìdín lọ́jọ́ kankan, ọjọ́ tí statement parí sí kò sì gbọdọ̀ ju ọjọ́ 31 lọ kí ẹ tó fi fọ́ọ̀mù físà ránṣẹ́. Owó àjọ tàbí ti ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ṣì wà lọ́wọ́ wọn kò wọ ìṣirò, bó ti wù kó pọ̀ tó. Tí àkáǹtì bá jẹ́ ti òbí, ìwé ẹ̀rí ọjọ́ ìbí àti lẹ́tà tí òbí fi yọ̀ǹda owó náà fún ọmọ gbọ́dọ̀ bá a rìn.

Inú àkáǹtì tí bàbá wa fi ń ṣòwò ni owó yìí wà. Wọ́n fi owó ọjà ránṣẹ́ sí ẹnì kan ní Gbági, owó ò dé ọ̀dọ̀ onítọ̀hún, báńkì sì ti yọ ọ́. Ọjọ́ kejì ni wọ́n tó dá a padà. Lórí statement, ìlà mẹ́ta ni: owó jáde, iye tó kù sì bọ́ sábẹ́ iye tí òfin béèrè, owó áláàtì tẹ̀ lé e, owó padà wọlé. Ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò lọ́hùn-ún ò ní béèrè ohun tó fà á. Iye tó kéré jù lọ lójú ìwé yẹn ló ń wá.

Mo gba báńkì lọ ní Dùgbẹ̀. “A ṣáà ti dá owó yín padà,” ohun tí wọ́n ń tẹnu mọ́ nìyẹn. Mo ní owó kọ́ ni mo ń bá kiri, ọjọ́ ni. Mo ní kí wọ́n kọ lẹ́tà pé àwọn ni wọ́n ṣe àṣìṣe. Wọ́n ní ó di oríkò wọn l'Ékòó. Èkó ní kí n padà sí ẹ̀ka tí a ti ṣí àkáǹtì. Ìgbà tí lẹ́tà máa fi jáde, a ti bẹ̀rẹ̀ kíka láti oókan, nítorí lẹ́tà ò lè sọ ọjọ́ tí owó ò pé di ọjọ́ tó pé. Náírà tún wá dá kún un. Oṣùwọ̀n pàṣípààrọ̀ owó tí ìkànnì OANDA gbé jáde lọ́jọ́ tí ẹ bá fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣírò, iye tó pé nígbà tí a kọ́kọ́ kó o jọ ò pé mọ́, a sì ní láti wá owó kún owó.

Tó bá jẹ́ òní ni, àkáǹtì tuntun ni màá ní kí bàbá ṣí. Kò ní ní káàdì ATM, wọn ò ní so ó mọ́ fóònù, ẹnikẹ́ni ò sì ní fi ra abẹ́rẹ́. Màá fi ìdá kan nínú mẹ́wàá lé iye tí òfin béèrè, nítorí náírà àti nítorí báńkì.

Ìkejì tó dùn mí ni owó ìlera, IHS. £776 lọ́dún ni, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n sì ń gba ti gbogbo ọdún. Foundation sọ ọdún mẹ́ta di mẹ́rin. Físà tún ń fi nǹkan bí oṣù kan ṣáájú ẹ̀kọ́ àti oṣù mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ kún un. Ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ni wọ́n ṣírò fún àbúrò mi, £3,492. Ẹ wá tiẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ má fojú sí owó ọjọ́ 28.

Tí ẹ bá rí £5,760 níbì kan gẹ́gẹ́ bí owó ọdún foundation, akẹ́kọ̀ọ́ tó jẹ́ ọmọ ìlú ọba ni wọ́n ń bá wí. Òun ni òpin iye tí wọ́n lè gbà lọ́wọ́ wọn ní England fún irú ẹ̀kọ́ yìí. Ti àlejò jù bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Ẹ sì béèrè bóyá CAS kan ṣoṣo, ìyẹn ìwé ìgbàwọlé tí iléèwé ń fún akẹ́kọ̀ọ́ láti fi gba físà, ló kárí ọdún mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Tó bá jẹ́ kọ́lẹ́ẹ̀jì ọ̀tọ̀ ló ń ṣe foundation, tí CAS rẹ̀ mọ sí ọdún kan, ẹ ó tún gba físà mìíràn.

Máàkì ọdún foundation kì í sábà wọ inú èsì oyè ìkẹyìn, àmọ́ ẹni tí kò bá yege ò ní wọ ọdún kìíní. Àbúrò mi yege, orí mi sì wú. Ẹni tó bá ti ní JUPEB tàbí IJMB, ìwé ẹ̀rí irú A-level tiwa níbí, kó kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ iléèwé kó tó sanwó kankan: àwọn kan ń fi í gbani sí ọdún kìíní tààrà, odidi ọdún kan á sì yọ kúrò nínú owó iléèwé, £776 kúrò nínú owó ìlera.