Ajá Tó Ń Lé Ẹran Ọ̀sìn: Ìwé Ìtọ́sọ́nà fún Ẹni Tó Lájá àti Ẹni Tó Lẹ́ran ní Èkìtì

Gbogbo ilé tó ń sin ajá àti gbogbo àgbẹ̀ tó ń sin ewúrẹ́, àgùntàn tàbí adìyẹ ní ilẹ̀ Èkìtì ni a kọ ìwé yìí fún, láti ìgboro Adó títí dé àwọn abà tó wà lẹ́yìn Òmùò. Ẹni tó lájá ni a ó kọ́kọ́ bá sọ̀rọ̀, nítorí pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ọ̀ràn náà ti ń bẹ̀rẹ̀, ọ̀dọ̀ rẹ̀ náà ni ó sì ti rọrùn jù lọ láti dá a dúró. Lẹ́yìn náà ni a ó kan ẹni tó lẹ́ran, torí pé iṣẹ́ wà lọ́wọ́ tirẹ̀ náà.

Lílé nìkan ti tó láti pa ẹran

Ohun tí a máa ń gbọ́ jù lẹ́nu ẹni tó lájá ni pé, "Ajá tèmi kì í bu ẹran jẹ o, eré ló ń bá wọn ṣe." Ó lè jẹ́ òótọ́ pé ajá náà kò gbèrò láti pa ohunkóhun, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ tí ó ń lé kò mọ̀ pé eré ni. Nǹkan bí 150 ọjọ́ ni ewúrẹ́ fi ń lóyún, èyí tí í ṣe oṣù márùn-ún. Bí ajá bá lé èyí tí oyún rẹ̀ ti dàgbà ká àdúgbò nínú oòrùn ọ̀sán, oyún náà lè wálẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, ó sì lè jẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò rántí ajá mọ́, tí wọ́n sì ti ń wá ẹni tó fi ojú burúkú wo ẹran náà.

Ti ẹran tí a so mọ́lẹ̀ tún burú ju ìyẹn lọ. Kò lè sá, kò sì lè jà. Yíyí ni yóò máa yí igi po títí okùn yóò fi fún un lọ́rùn, tí a ó sì bá òkú rẹ̀ láìsí ojú eyín kankan lára rẹ̀. Àgùntàn tí a ń lé máa ń já sójú títì níwájú ọkọ̀, tàbí kí ó já sínú gọ́tà kí ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Ní ti adìyẹ, gbogbo wọn ni yóò sá jọ sí kọ̀rọ̀ kan, tí wọn yóò máa gun ara wọn lórí, tí àwọn tó wà nísàlẹ̀ yóò sì kú nítorí àìrí èémí. Èyí tó bá sì yè lára àwọn adìyẹ ẹlẹ́yin lè dín ẹyin kù fún ọjọ́ púpọ̀. Nítorí náà, "kò bù ú jẹ" kì í ṣe àwíjàre.

Ìdí tí ajá fi ń lé ẹran

Àbínibí ajá ni láti lé ohun tó bá ń sá. Ajá tó yó ń lé ẹran gẹ́gẹ́ bí èyí tí ebi ń pa ti ń lé e, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé oúnjẹ tí òun ń fún ajá ní alẹ́ ti tán ọ̀rọ̀ náà. Bí ajá bá sì ti di méjì tàbí mẹ́ta tó ń rìn pọ̀, èyí tí kò lè gbójú gbóyà ní òun nìkan yóò di akíkanjú lẹ́yìn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tó sì ń kó wọn jọ jù lọ ni abo ajá tó ń wá akọ. Ó lè wà nínú ipò yìí fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, gbogbo akọ àdúgbò yóò sì máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn láti òpópónà kan dé òmíràn. Ẹni tó bá ní abo ajá gbọ́dọ̀ tì í mọ́lé ní gbogbo àkókò yẹn, tàbí kí ó ní kí dókítà ẹran ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní jẹ́ kí ó bímọ mọ́.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni wákàtí tó léwu jù lọ ní àdúgbò wa. Àwọn tó ń tú ajá sílẹ̀ lóru kí ó lè máa ṣọ́ ilé kì í tètè so ó padà. Wọ́n ti ṣí géètì fún ọmọ tó ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́, ajá sì ti jáde. Ní wákàtí kan náà yẹn ni ewúrẹ́ ń jáde láti wá èèpo iṣu kiri ẹ̀yìnkùlé, èyí tí kò wọ́n láàárín àwa tí a fẹ́ràn iyán. Bí a bá so ajá kí ilẹ̀ tó mọ́, tí a kò sì tú u títí di ìgbà tí àwọn ẹran bá ti wọlé, ọ̀pọ̀ ìjà ni kò ní ṣẹlẹ̀ rárá.

Àwọn ènìyàn a máa di ẹ̀bi ru ajá ọdẹ, ṣùgbọ́n lójú tiwa, òun kọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ fura sí. Àárín ewúrẹ́ àti adìyẹ ilé ọdẹ ni wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, ó sì mọ ohùn olówó rẹ̀. Àwọn baba wa tó máa ń sọ pé, "Ajá tí yóò sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ," mọ ohun tí wọ́n ń wí: ajá tí kò bá ti lè dáhùn ìpè, kò yẹ kí a tú u sílẹ̀. Èyí tí ó yẹ kí a bẹ̀rù jù ni ajá ńlá ilẹ̀ òkèèrè, irú bíi Rottweiler tàbí Boerboel, tí wọ́n rà nítorí olè, tí wọ́n sì tì mọ́ inú kéèjì láti ìgbà tó ti wà lọ́mọdé, tí kò rí ewúrẹ́ rí títí di ọjọ́ tí ó já jáde.

Bí a ṣe ń kọ́ ajá

Láàárín ọ̀sẹ̀ kẹta sí ọ̀sẹ̀ kẹrìnlá ni ọmọ ajá ń mọ ohun tí yóò kà sí ará ilé àti ohun tí yóò kà sí àjèjì. Ẹ jẹ́ kí ó rí ewúrẹ́, kí ó gbọ́ òórùn àgùntàn, kí àgbébọ̀ tó ní òròmọ sì ta á lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì ní àkókò yìí. Ẹ má ṣe rẹ́rìn-ín bí ó bá ń sá tẹ̀lé òròmọ adìyẹ. Ohun tó pa yín lẹ́rìn-ín lára ọmọ ajá ni yóò pa yín lẹ́kún nígbà tó bá dàgbà.

Fún ajá tó ti dàgbà, okùn gígùn àti sùúrù ni a ó lò. Ẹ fi okùn sí i lọ́rùn, kí ẹ mú un dúró sí ibi tó jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí yóò fi máa rí ẹran láìfo sókè. Bí ó bá ti wò wọ́n tán tó yíjú padà sí yín nígbà tí ẹ pe orúkọ rẹ̀, ẹ fún un ní ẹran díẹ̀ tàbí ẹja gbígbẹ lójú ẹsẹ̀. Ẹ máa sún mọ́ àwọn ẹran náà díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì padà sẹ́yìn bí ó bá tún ń fa okùn. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ni, ẹ má sì tú okùn nítorí pé ó ṣe dáadáa lónìí. Ẹni tó bá na ajá lẹ́yìn tó ti padà délé kò kọ́ ọ ní ohunkóhun, nítorí ajá náà yóò gbà pé wíwá sílé ni ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀.

Ẹ má ṣe ju òkú adìyẹ, ibi ọmọ ẹran tàbí ìfun tútù fún ajá. Yàtọ̀ sí pé ó ń kọ́ ọ ní adùn ẹran tó wà láàyè, inú àwọn ẹ̀yà ara tútù yẹn ni ajá ti ń kó aràn tí yóò tún padà ran ewúrẹ́ àti àgùntàn nípa ìgbẹ́ rẹ̀ lórí koríko. Oògùn aràn ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta dára fún ajá tó ń gbé láàárín ẹran.

Ajá tó bá ti pa ẹran lẹ́ẹ̀kan kò ṣeé fọkàn tán mọ́ láìsí okùn. Kò sí oògùn, kò sì sí nínà tó ń mú un gbàgbé. Ọgbà tó le ni yóò máa gbé, kí a sì fi okùn mú un bí ó bá máa jáde.

Iṣẹ́ ẹni tó lẹ́ran

Láti ọdún 2016 ni Èkìtì ti ní òfin tó ka dída ẹran jẹ̀ káàkiri léèwọ̀. Màlúù ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rántí tí a bá dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n òfin náà mẹ́nu ba àwọn ẹran ajẹko mìíràn pẹ̀lú. Ewúrẹ́ tó ń sùn sí ẹ̀bá títì tó sì ń jẹ ẹ̀fọ́ aládùúgbò ti sọ ẹjọ́ olówó rẹ̀ di aláìlágbára kí ajá tó dé. Ẹ ṣe ilé fún wọn. Ọparun, pákó tàbí búlọ́ọ̀kù lè ṣe é, bí ó bá ṣáà ti ga tó ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún, tí a sì ri ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ ilẹ̀, nítorí ajá mọ ilẹ̀ í gbẹ́. Inú ilé náà ni kí ẹ ti máa fún wọn ní èèpo iṣu àti èèpo ẹ̀gẹ́ ní àárọ̀. Ẹran tó rí oúnjẹ nílé kì í yára jáde. Ẹ má ṣe so ẹran tó lóyún mọ́lẹ̀ níbi tí ojú yín kò tó.

Bí ẹ bá bá òkú ẹran, ẹ fara balẹ̀ wo ibẹ̀ kí ẹ tó pariwo orúkọ ẹnikẹ́ni. Ajá sábà máa ń bu ẹran jẹ kiri ní ẹsẹ̀ ẹ̀yìn, ní ìhà, ní etí àti ní ọrùn. Ó lè pa tàbí kí ó ṣe púpọ̀ léṣe láìjẹ ju díẹ̀ lọ, irun yóò sì fọ́n ká ilẹ̀. Àṣá máa ń gbé òròmọ lọ ní ọ̀sán láìfi ohun púpọ̀ sílẹ̀, ẹtà sì máa ń wá lóru, tí yóò wọ́ adìyẹ lọ sínú igbó. Níbi tí olè ti wọlé, okùn tí a gé tàbí ìlẹ̀kùn tí a ṣí ni ẹ ó rí. Ẹ ya àwòrán ojú ọgbẹ́ àti ipa ẹsẹ̀ pẹ̀lú fóònù yín kí òjò tó pa á rẹ́.

Ìtọ́jú ẹran tí ajá bù jẹ

Ojú ọgbẹ́ eyín ajá máa ń kéré lókè, ṣùgbọ́n ó máa ń jìn nísàlẹ̀, irun sì máa ń bò ó. Ẹ fi ọwọ́ tí ẹ wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà sí wá gbogbo ara ẹran náà, kí ẹ gé irun ibi tí ọgbẹ́ wà, kí ẹ sì fi omi iyọ̀ wẹ̀ ẹ́ dáadáa: ṣíbí tíì kan tí iyọ̀ kún déédéé, nínú ìlàjì lítà omi tí a ti sè tó sì ti tutù. Ẹ má ṣe rán ojú ọgbẹ́ náà pa, nítorí ìdọ̀tí tó wà nísàlẹ̀ yóò di ọyún. Ẹ máa yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ àti lálẹ́, torí eṣinṣin kò ní pẹ́ fi ẹyin sí i tí ìdin yóò fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ pe dókítà ẹran ní ìjọba ìbílẹ̀ yín fún abẹ́rẹ́ tó yẹ. Kí ẹ má ṣe ra abẹ́rẹ́ lójú ọjà kí ẹ máa gún un fúnra yín.

Àrùn dìgbòlugi ni ohun tó yẹ kí gbogbo wa bẹ̀rù jù. Bí àmì rẹ̀ bá ti hàn lára ènìyàn, ikú ló sábà máa ń já sí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ó ń pa nǹkan bí 59,000 ènìyàn lọ́dún káàkiri ayé, ajá ló sì ń fa èyí tó pọ̀ jù lọ. Bí ajá bá bu ènìyàn jẹ níbi tí ó ti ń gba ẹran rẹ̀ sílẹ̀, kí ó fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú ibẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, kí ó má fi epo, ata tàbí kẹrosíìnì sí i, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà fún abẹ́rẹ́. Ẹ má ṣe pa ajá náà bí ó bá ṣeé tì mọ́lé. Ọjọ́ 10 ni a fi ń ṣọ́ ọ lábẹ́ ojú dókítà ẹran. Ẹ má ṣe pa á jẹ, nítorí ẹni tó ń kun ajá aláìsàn lè kó àrùn náà láti ọwọ́ rẹ̀ tó bá ní ojú egbò. Ẹran tí ajá tí a fura sí bù jẹ kò gbọ́dọ̀ di títà tàbí jíjẹ kí dókítà ẹran tó sọ̀rọ̀. Bí ewúrẹ́ náà bá sì ń da itọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan bí ẹni tí egungun há lọ́fun, ẹ má ki ọwọ́ bọ ẹnu rẹ̀. Ọmọ ajá tó bá pé oṣù mẹ́ta ti tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi, kí a sì máa tún un gbà lọ́dọọdún. Kí ẹni tó lájá tọ́jú ìwé rẹ̀, nítorí òun ni wọn yóò kọ́kọ́ bèèrè.

Ẹ má ṣe fi májèlé sínú ẹran kí ẹ sì sọ ọ́ sílẹ̀ fún ajá. Kò sí ẹni tó lè sọ ajá tí yóò jẹ ẹ́, tàbí adìyẹ, tàbí ọmọ kékeré.

Bí a ṣe ń yanjú ọ̀ràn náà

Lọ́jọ́ náà gan-an ni kí ẹ lọ bá ẹni tó lájá, kí ẹ mú ẹlẹ́rìí kan tó rí i dání. Ẹ kí i bí ó ti yẹ kí a kí ẹni tó ju ni lọ tàbí ẹni tí a jùmọ̀ ń gbé, kí ẹ sì sọ ohun tí ẹ rí, kì í ṣe ohun tí ẹ rò nípa ìwà rẹ̀. Bí kò bá gbọ́, ọ̀dọ̀ baálé tàbí olóyè àdúgbò ló kàn, lẹ́yìn rẹ̀ ni kọ́ọ̀tù ìbílẹ̀. Iye tí irú ẹran bẹ́ẹ̀ ń lọ lọ́jà ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni kí a fi ṣe ìṣirò, kí a fi owó dókítà ẹran kún un, kí a sì rántí pé ewúrẹ́ tó lóyún ju ewúrẹ́ kan lọ. Ẹ kọ àdéhùn náà sílẹ̀, kí ẹlẹ́rìí fọwọ́ sí i, kí ẹ sì kọ ọ́ sínú rẹ̀ pé láti ọjọ́ náà lọ ni ajá yóò máa wà lórí okùn.

Bí ẹni tó lájá bá pinnu láti ta á tàbí láti fi ta ẹlòmíràn lọ́rẹ, kí ó sọ ohun tí ajá náà ṣe fún ẹni tó ń gbà á, kí ó má sì fi ránṣẹ́ sí ìyá tàbí bàbá àgbà ní abúlé tí ewúrẹ́ kún.